Oògùn Eyín Tí A Pè Padà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́, kò ṣeé kó mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n bí a bá rò ó dáadáa, ó bá ọjà títà wí pẹ̀lú. Oníṣòwò ti ta ọjà, ó ti gba owó. Oníbàárà ti gbé ẹrù rẹ̀, ó ti lọ. Bí a bá wá rí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé ikú ni ó wà nínú ọjà náà, ọ̀nà wo ni a ó fi pè é padà? Ta ni ó mọ ilé tí ó wọ̀? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé láàárín òpin ọdún 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ní orílẹ̀-èdè wa níhìn-ín, ọmọ 84 ni ìjọba kà pé ó kú nípa oògùn kan tí a ṣe ní Èkó. Àwọn tí ó ń wá oògùn náà kiri kò sì ní ìwé kan tí ó lè tọ́ wọn sí ẹnu ọ̀nà àwọn ìyá tí ó rà á.

Kí á tó dé orí ọ̀rọ̀ náà gan-an, ó yẹ kí á kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí ọjà ń gbà rìn ní Èkó. Ẹni tí ó bá mọ Erékùṣù yóò mọ Òkè Àrin. Kì í ṣe ọjà tí ènìyàn ń lọ nítorí agolo mílíìkì kan ṣoṣo. Páálí-páálí ni wọ́n ń ta mílíìkì níbẹ̀, àpò-àpò ni wọ́n ń ta ṣúgà àti ìyẹ̀fun. Àwọn alátẹ kéékèèké a sì máa ti àdúgbò gbogbo wá rajà níbẹ̀ kí wọ́n tó lọ tún un tà. Bí ènìyàn bá rìn díẹ̀ sí i, ó di Ìdúmọ̀tà, níbi tí afárá Carter, tí àwọn òyìnbó parí ní 1901, ti fẹsẹ̀ lé ilẹ̀ Erékùṣù. Afárá yìí ni ó so ọjà Erékùṣù mọ́ Ìddó àti ọ̀nà rélùwéè, tí ó fi jẹ́ pé ẹrù tí a rà ní Èkó lè dé Ìbàdàn, Ìlọrin àti Kano. Bí a ti ń ta mílíìkì ní Òkè Àrin, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ti ń ta oògùn òyìnbó ní Ìdúmọ̀tà fún ọ̀pọ̀ ọdún: páálí-páálí, fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó lọ́wọ́. Ẹni tí ó ra páálí yóò tà á fún oníkẹ́mísìtì ìlú mìíràn, oníkẹ́mísìtì yóò ta ìgò mẹ́wàá fún onísọ̀ọ̀bù kékeré, onísọ̀ọ̀bù yóò sì ta ìgò kan fún ìyá ọmọ. Ọwọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni oògùn yóò ti gbà kọjá kí ó tó dé ẹnu ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí ohun kan nínú irú ìṣòwò yìí. Kì í ṣe pé àwọn ará ọjà kò mọ ìwé kọ, tàbí pé wọn kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n ń kọ̀wé, wọ́n sì ń kọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n gbèsè ni wọ́n ń kọ. Ẹni tí ó bá ra ọjà láwìn, orúkọ rẹ̀ yóò wà nínú ìwé, iye ẹrù rẹ̀ yóò wà níbẹ̀, àti ọjọ́ tí ó dá pé òun yóò san án. Ẹni tí ó bá sanwó lójú ẹsẹ̀ ńkọ́? "Ẹ ṣé o, ọjà á tà o" ni yóò bá a lọ. Ohun tí a ti gba owó rẹ̀ ti kúrò lọ́kàn wa. Owó ni a ń tọpa, a kì í tọpa ọjà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ìtàn yìí dúró lé.

Ìtàn oògùn tí a pè padà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ní ọdún 1937, ilé iṣẹ́ olóògùn kan tí ń jẹ́ Massengill wà ní ìlú Bristol, ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà. Oògùn kan ti wà nígbà náà tí wọ́n ń pè ní sulfanilamide, tí ó ń ṣiṣẹ́ ribiribi fún ọ̀fun dídùn àti irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Oníhóró àti onílẹ́búlẹ́bú ni, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń fẹ́ èyí tí ó ṣeé mu. Onímọ̀ kẹ́míkà ilé iṣẹ́ náà wá rí i pé oògùn yìí ń yọ́ dáadáa nínú omi kan tí a ń pè ní diethylene glycol. Wọ́n tọ́ ọ wò, ó dùn. Wọ́n wo àwọ̀ rẹ̀, ó dára. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, kò rùn. Wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè pa ènìyàn. Wọ́n ṣe gálọ́ọ̀nù 240, wọ́n sì fi í ṣọwọ́ káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ènìyàn tí ó kú nípa rẹ̀ lé ní 100, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn.

Bí wọ́n ti gba oògùn náà padà ni ó yẹ kí á kọ́ ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ fi wáyà ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà pé kí wọ́n dá oògùn náà padà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún wọn pé ikú ni. Àfìgbà tí ìjọba fi agbára mú wọn kí wọ́n tó fi wáyà kejì ránṣẹ́ tí ó sọ òtítọ́. Ìjọba fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo àwọn alábẹ̀wò àti onímọ̀ kẹ́míkà rẹ̀ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, tí iye wọn jẹ́ 239, sẹ́nu iṣẹ́ náà. Wọ́n ń lọ láti ilé iṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ olùpín, láti ọ̀dọ̀ olùpín sí ilé ìtajà oògùn, láti ilé ìtajà sí ọ̀dọ̀ dókítà, láti ọ̀dọ̀ dókítà sí ilé aláìsàn. Ìwé títà ni wọ́n ń tẹ̀ lé bí ọdẹ ti ń tẹ̀ lé ipasẹ̀ ẹran. Níbi tí ìwé bá pé, iṣẹ́ yá. Níbi tí kò bá ju orúkọ kan lásán lọ, tí kò sí orúkọ bàbá, tí kò sí àdúgbò, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń le. Dókítà kan wà tí ó sún ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ síwájú kí ó lè bá wọn wá ọmọ ọdún mẹ́ta kan, tí àwọn òbí rẹ̀ ti kó lọ sí ilẹ̀ olókè lẹ́yìn tí wọ́n gba oògùn náà tán. Nígbà tí iṣẹ́ parí, nínú gálọ́ọ̀nù 240, wọ́n ti rí 234 àti páìǹtì kan gbà padà. Ìwọ̀nba tí ó kù ni àwọn ènìyàn ti mu, òun ni ó pa wọ́n. Ẹ bá mi ro ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní wọn kò rí gálọ́ọ̀nù 234 yẹn.

Ohun tí ó ṣe ni ní kàyéfì ni pé òfin Amẹ́ríkà ìgbà náà kò sọ pé ènìyàn kò gbọdọ̀ ta oògùn tí a kò yẹ̀ wò. Orúkọ tí wọ́n kọ sára ìgò ni ìjọba rí dì mú: wọ́n pè é ní "elixir", ọ̀rọ̀ yìí sì túmọ̀ sí oògùn tí ó ní ọtí nínú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọtí nínú rẹ̀ rárá. Ká ní orúkọ mìíràn ni wọ́n fún un, ìjọba ì bá má lágbára láti gbà á. Ìtìjú èyí ni ó mú kí wọ́n ṣe òfin titun ní 1938, tí ó pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ fi hàn pé oògùn kò léwu kí wọ́n tó gbé e wá sí ọjà.

Kí ni omi yìí ń ṣe nínú ara? Ó mọ́ bí omi, ó ki díẹ̀, ó sì dùn lẹ́nu. Àwọn ilé iṣẹ́ a máa lò ó nínú omi bíréèkì ọkọ̀ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá mu ún, ara a sọ ọ́ di májèlé tí ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ọmọ yóò máa bì, ara rẹ̀ lè máa gbóná, lẹ́yìn náà ni ìtọ̀ rẹ̀ yóò dá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó lè kú. Omi mìíràn wà tí ó jọ ọ́ bí ìbejì, tí a ń pè ní propylene glycol. Èyí ni àwọn olóògùn ń lò láti yọ́ oògùn, kò sì léwu bẹ́ẹ̀. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ahọ́n kò lè mọ̀ ọ́n. Àyẹ̀wò nìkan ni ó lè fi ọ̀kan hàn yàtọ̀ sí èkejì, olóró nínú wọn ni owó rẹ̀ sì máa ń kéré.

Ní ọdún 1990, ibi yìí dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Ìbàdàn àti ní Jos ni àwọn ọmọdé ti mu pàrásítámọ́ọ̀lù olómi tí a fi diethylene glycol ṣe dípò propylene glycol. Ní Jos nìkan, àwọn dókítà kọ ìròyìn ọmọ 47 tí ó kú. Ní 1993 ni ìjọba ológun ṣe òfin kẹẹ̀ẹ́dógún ti ọdún náà, tí ó dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ láti máa bójú tó oúnjẹ àti oògùn. Láti ìgbà náà ni a ti mọ nọ́ńbà NAFDAC tí ó ń wà lára ìgò àti páálí, tí àwọn ìyá sì ti kọ́ láti máa wò ó kí wọ́n tó ra nǹkan.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí di ọdún 2008. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Èkó tí ń jẹ́ Barewa Pharmaceuticals, tí ó ń ṣe oògùn olómi kan fún àwọn ọmọ tí ó ń hu eyín. "My Pikin" ni orúkọ rẹ̀, èyí tí í ṣe "Ọmọ Mi" ní èdè ìgboro. Gbogbo wa ni a mọ bí ọ̀rọ̀ eyín ti rí nínú ilé Yorùbá. Bí ara ọmọ bá gbóná, eyín ni. Bí ó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, eyín ni. Bí kò bá sùn lóru, eyín náà ni. Kò sí ìyá tí kì í wá oògùn eyín. Oògùn yìí kì í sì í ṣe ayédèrú tí a rọ ní kọ̀rọ̀. Ó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ìyá tí ó wo nọ́ńbà ara rẹ̀ kí ó tó rà á ti ṣe gbogbo ohun tí a kọ́ ọ pé kí ó ṣe.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ náà ra omi tí wọ́n pè ní propylene glycol lọ́wọ́ oníṣòwò kẹ́míkà kan ní Èkó tí kò ní ìwé àṣẹ. Diethylene glycol ni ó wà nínú rẹ̀. Bí ó ti rí ní Tennessee ní 1937, bí ó ti rí ní Ìbàdàn àti Jos ní 1990, bẹ́ẹ̀ náà ni ó tún rí ní Èkó ní 2008.

Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò yé wọn. Àwọn ọmọ kéékèèké tí ìtọ̀ wọn ti dá ni wọ́n ń gbé wá sí ilé ìwòsàn. Wọ́n rí irú wọn ní Èkó, wọ́n sì rí wọn ní Zaria lókè Ọya. Ẹ wo bí ó ti jìnnà tó láti Èkó dé Zaria. Oògùn náà ti rin gbogbo ọ̀nà yẹn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó léwu. Nígbà tí wọ́n bi àwọn ìyá léèrè ohun tí wọ́n fún ọmọ, orúkọ kan náà ni ó ń jáde. Wọ́n yẹ oògùn náà wò, wọ́n sì rí olóró náà nínú rẹ̀. NAFDAC, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà, ti ilé iṣẹ́ náà pa, wọ́n sì kéde pé kí gbogbo ènìyàn dá oògùn náà padà. Nígbà tí ó fi di oṣù kejì 2009, ìjọba kà á pé ọmọ 111 ni ó ti ṣàìsàn, àti pé 84 nínú wọn ti kú.

Níbí ni ìtàn Èkó ti yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà 1937. Àwọn ti ọ̀hún ń tẹ̀ lé ìwé. Àwọn tiwa ń kéde. Rédíò sọ ọ́, tẹlifíṣọ̀n sọ ọ́, ìwé ìròyìn kọ ọ́. Ìkéde dára, ó sì dájú pé ó gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ là. Ṣùgbọ́n ìkéde kì í wọ gbogbo ilé. Ìyá tí kò ní rédíò kò gbọ́. Ẹni tí ó gbọ́ orúkọ oògùn náà, ṣùgbọ́n tí ó ti ju páálí rẹ̀ nù, lè máà mọ̀ pé òun ni ó wà nínú ìgò tí ó wà lórí àpótí. Onísọ̀ọ̀bù abúlé tí ó ra ìgò mẹ́wàá lọ́wọ́ oníkẹ́mísìtì tí ó san owó lójú ẹsẹ̀ ní Èkó kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Bí ẹnìkan bá fẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kò mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn. Ká ní ó ra ọjà náà láwìn ni, wọn ì bá ti rí i kí ilẹ̀ tó ṣú!

Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó dá àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà méjì lẹ́bi, ó sì rán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀wọ̀n ọdún 7. Ọ̀kan ni ó ń ṣe alákòóso oògùn ṣíṣe, èkejì ni ó ń ṣe alákòóso bí oògùn ti dára sí. Ilé ẹjọ́ pàṣẹ pẹ̀lú pé kí a tú ilé iṣẹ́ náà ká. Ìdájọ́ yìí tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí pé ẹni tí ó jẹ̀bi ni ilé ẹjọ́ ń wá. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti wá ìgò oògùn tí ó kù sílé ènìyàn.

Ẹnìkan lè sọ pé ìyàtọ̀ wà láàárín òyìnbó àti àwa, pé ọjà tiwa pọ̀ jù, pé kò sí bí a ti lè máa kọ orúkọ gbogbo ènìyàn sílẹ̀. Kí á tó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, ẹ jẹ́ kí á wo irú ọjà mìíràn tí ó ṣòro láti gbà padà ju oògùn lọ, nítorí pé inú egungun ènìyàn ni ó wà. A mọ ilé ìwòsàn egungun ní Igbobi, tí a dá sílẹ̀ ní 1945 nítorí àwọn sójà tí ó farapa nínú ogun. Àwọn oníṣẹ́ egungun ní ayé òde òní a máa yọ orí egungun itan tí ó ti bàjẹ́, wọn a sì fi irin àti ike líle rọ́pò rẹ̀, kí arúgbó lè tún rìn. Ní ọdún 2003, ilé iṣẹ́ DePuy, tí ó wà lábẹ́ Johnson & Johnson, gbé irú ìgbaròkó àtọwọ́dá kan jáde tí wọ́n ń pè ní ASR. Irin ni orí rẹ̀, irin náà ni ihò tí orí náà ń yí nínú rẹ̀. Bí ènìyàn ti ń rìn, irin ń ha irin, ẹ̀tù irin sì ń wọ inú ẹran ara, ó ń bà á jẹ́. Ní oṣù kẹjọ 2010, ilé iṣẹ́ náà pè é padà. Nǹkan bí ènìyàn 93,000 ní gbogbo ayé ni ó ti wà lára wọn. Nínú ènìyàn 100, nǹkan bí 12 tàbí 13 ni wọ́n tún ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún láàárín ọdún 5.

Ta ni ó rí àléébù yìí? Ìwé ni. Àwọn ará Sweden ti bẹ̀rẹ̀ ìwé orúkọ fún àwọn tí a pààrọ̀ orúnkún wọn ní 1975, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ti ìgbaròkó ní 1979. Australia bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1999, England àti Wales ní 2003. Orúkọ aláìsàn wà nínú ìwé wọ̀nyí, irú irin tí a fi sí i lára wà níbẹ̀, àti ọjọ́ tí a tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́. Nínú ìwé Australia ni a ti kọ́kọ́ rí i, láti 2007, pé àwọn tí ó ní ASR ń padà wá ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tí a sì pè é padà, a mọ ẹni tí a ń pè. Mi ò sọ pé ìwé nìkan tó. Láti 2007 tí ìwé ti sọ̀rọ̀ títí di 2010 tí ilé iṣẹ́ gbọ́, ọdún mẹ́ta ni. Ìwé kò ní ẹsẹ̀. Ènìyàn ni ó gbọdọ̀ gbé e rìn. Ṣùgbọ́n níbi tí ìwé kò bá sí, ènìyàn tí ó fẹ́ rìn pàápàá kò mọ ibi tí yóò gbà.

Àwọn tí ó ń ṣe àkóso oògùn nílẹ̀ wa kò káwọ́ gbera. Ní 2010, NAFDAC bẹ̀rẹ̀ ètò kan nípa èyí tí oníbàárà lè ha nọ́ńbà tí ó wà lára páálí, kí ó fi í ránṣẹ́ lórí fóònù, kí ó sì mọ̀ bóyá oògùn náà jẹ́ ojúlówó. Ètò rere ni, ṣùgbọ́n ayédèrú ni ó ń dọdẹ. My Pikin kì í sì í ṣe ayédèrú. Ní 2012, ìjọba gbé ìlànà kan jáde pé kí a kó àwọn ọjà oògùn ńlá kúrò ní gbangba, kí a dá àgbègbè kan sílẹ̀ fún wọn tí a ó ti lè máa ṣọ́ bí oògùn ti ń wọlé àti bí ó ti ń jáde. Wọ́n dá ọjọ́, wọ́n sì sún ọjọ́ náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní oṣù kejì 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa pẹ̀lú ti Onitsha àti ti Aba, wọ́n sì tú àwọn sọ̀ọ̀bù wò kí wọ́n tó tún ṣí wọn.

Kì í sì í ṣe ìtàn àtijọ́ ni. Ní 2022, ní Gambia, nǹkan bí ọmọ 70 ni ó kú nípa oògùn ikọ́ olómi tí ó ti India wá, tí diethylene glycol wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Red Cross ni ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń béèrè ìgò lọ́wọ́ àwọn ìyá. Iṣẹ́ akíkanjú ni. Gambia kéré, ẹsẹ̀ ènìyàn lè yí i ká. Ta ni yóò yí Èkó ká bẹ́ẹ̀, kí ó tún yí ọ̀nà Zaria ká?

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa tí ẹ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí ìtàn yìí ń sọ kò pọ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá ṣe oògùn, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń kọ sára gbogbo ìgò tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí oníṣòwò Ìdúmọ̀tà kọ nọ́ńbà yìí sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti fóònù ẹni tí ó rà á. Kí oníkẹ́mísìtì ṣe bẹ́ẹ̀, kí onísọ̀ọ̀bù pẹ̀lú ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ju ohun tí wọ́n ń ṣe fún àwìn lójoojúmọ́ lọ. Àwọn kan nínú yín yóò di apòògùn, àwọn kan yóò di dókítà, àwọn kan yóò jókòó níbi tí a ti ń ṣe òfin. Àwọn mìíràn nínú yín, ìyá yín ni ó ni sọ̀ọ̀bù. Ẹ bi í léèrè nígbà tí ẹ bá dé ilé ní ìsinmi: bí wọ́n bá ní kí ó pe páálí kan padà lónìí, ẹni mélòó ni yóò mọ̀ tí yóò lè pè?